Odù Ọlọ́mọ Méjìdínlógún

Ìdánwò parí, mo gba Ìsẹ́yìn lọ. Ètò ìsinmi mi kò le: kí n sùn, kí n jẹun, kí n tún sùn. Nígbà tí oorun tán lójú mi, mo rìn lọ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà nítòsí àwọn tó ń hun aṣọ òfì, mo bá Bàbá Àgbà àti ẹgbẹ́ wọn nídìí ọpọ́n ayò. Ká ní mo kí wọn tán tí mo sì bá tèmi lọ, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀.

Àmọ́ ẹnu kì í dákẹ́ fún ẹni tó ń kàwé kọ̀ǹpútà. Mo dìde nídọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, ayò tí ẹ ń ta yìí, kọ̀ǹpútà ti ta á tán o." Mo wá tú àlàyé sílẹ̀: pé ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal, onímọ̀ méjì ní yunifásítì kan ní Amsterdam, gbé kọ̀ǹpútà tó ní ọpọlọ 144 ti awari, tó jẹ́ ìbátan ayò ọlọ́pọ́n, pé wọ́n yẹ gbogbo bí ọmọ ṣe lè tò sójú ọpọ́n wò, ó jẹ́ 889,063,398,406, pé wọ́n sì rí i pé bí ẹni méjì tí kì í ṣì í ta bá pàdé, ọ̀mì ni.

Bàbá Àgbà rọra jẹ obì ẹnu wọn tán. "Àwọn òyìnbó méjèèjì yẹn, ṣé wọ́n ń bọ̀ níbí ni, àbí ìwọ ni wọ́n rán?"

Gbogbo abẹ́ igi bú sẹ́rìn-ín. Mo bá jókòó sídìí ọpọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ayò fún ẹni tí kò bá ta á rí, kí ó lè mọ bí ìtìjú mi ṣe tóbi tó. Ilé méjìlá ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́rin mẹ́rin ni à ń kó sínú wọn, àpapọ̀ 48. Tó bá kàn ọ́, wàá kó gbogbo ọmọ inú ilé rẹ kan, wàá máa jù wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ilé tó tẹ̀ lé e, lọ sí apá ọ̀tún, kí o yí gba iwájú ẹni kejì, kí o tún padà sọ́dọ̀ ara rẹ. Bí ọmọ ìkẹyìn bá bọ́ sí ilé ẹni kejì, tí ohun tó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́. Bí ilé tó ṣáájú rẹ̀ bá tún jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ìyẹn náà, títí yóò fi já. Ẹni tó bá ti jẹ 25 ló borí. Ilé tí o bá fi sílẹ̀ tí ọmọ ń kún inú rẹ̀ ni odù. Ọjọ́ tí a bá tú odù dáadáa, àwọn òǹwòran á pariwo.

Èmi náà sì kúkú ń tayò. Ní sáà tó kọjá mo kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń tayò, mo gbé e sórí fóònù, èmi àti òun la jọ ń ta á lálaalẹ́. Mo máa ń nà án. Ìyẹn ni mo gbójú lé.

Àwọn àgbà kì í ka ọmọ. Wọ́n á kàn wo ilé, ọwọ́ á ti lọ. Èmi ń kà á sínú, ètè mi ń mì. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Ẹ má dà á láàmú, àdúrà ló ń gbà." Mi ò dá a lóhùn. Mo ń kọ́ odù sí ilé mi tó kángun sí ọwọ́ ọ̀tún, mo ń ṣọ́ ọ. Bàbá Àgbà ti jẹ 13, èmi ti jẹ 10. Ilé mi márùn-ún yòókù ṣófo. Ilé wọn mẹ́ta tó wà lápá òsì mi náà ṣófo. Odù mi di ọmọ 18.

Mo ṣírò rẹ̀. Ọmọ 18 láti ibí, yóò yí ọpọ́n po, ìkẹyìn yóò bọ́ sí ilé Bàbá tó parí. Ilé mẹ́ta tó ṣófo yẹn á ti di méjì méjì. Mo jẹ mẹ́fà! Mo gbé fóònù fún ọmọdébìnrin kan pé kó yà mí ní fídíò. Mo dìde dúró. Bẹ́ẹ̀ ni, mo dìde dúró láti tayò. Mo ní, "Ẹ máa bá mi kà á!"

Wọ́n ń bá mi kà á lóòótọ́. Ọmọ mọ́kànlá ti bọ́, mo ti yí ọpọ́n po, ọwọ́ mi wà lókè ilé odù fúnra rẹ̀, mo fẹ́ ju ìkejìlá sínú rẹ̀. Gbogbo ẹnu pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Fò ó!"

Mo ní, "Kí ni mo máa fò?"

Bàbá Àgbà di ọwọ́ mi mú jẹ́jẹ́. "Ilé tí o ti kó odù, o kì í ju ọmọ sí i. Ó gbọ́dọ̀ ṣófo. Fò ó." Mo ṣàròyé. Mo pe Amsterdam. Ọmọdébìnrin tó ń ya fídíò, tí eyín iwájú rẹ̀ kò tíì hù padà, sọ látẹ̀yìn fóònù pé, "Bọ̀dá, ẹ fò ó."

Ọmọ méje ló kù lọ́wọ́ mi. Ilé Bàbá jẹ́ mẹ́fà. Kò sí ìṣirò tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láyé: ọmọ keje á bọ́ sí ilé èmi fúnra mi, mi ò sì ní jẹ nǹkan kan. Síbẹ̀, a kì í dá ọmọ padà. Ìdúró ni mo wà tí mo fi ń jù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń bá mi kà á gẹ́gẹ́ bí mo ti bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn bọ́ sí ilé mi, mo rọra jókòó. Bàbá Àgbà fi ìka méjì kó ọmọ méjì tó wà nílé wọn tó parí, wọ́n ju ọ̀kan sí ilé mi àkọ́kọ́, ó di mẹ́ta. Wọ́n ju èkejì sí ìkejì, ó di méjì. Wọ́n jẹ márààrún. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kọjá 25.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú ètò tí mo kọ, mo kàn ń fi 12 pín iye ọmọ, mo ń lo àṣẹ́kù láti mọ ibi tí ìkẹyìn máa bọ́ sí. Àṣẹ́kù kò mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ fo ilé kan. Tí odù bá ti tó 12, ìṣirò mi fi ilé kan ṣì í. Èmi àti fóònù sì jọ ń ṣì í bákan náà ni, nítorí náà a ò jà rí.

Wọ́n ti ń pè mí ní Kọ̀ǹpútà. Ìyẹn ò dùn mí. Ọkùnrin kan tó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró láti wòran ló dá tèmi sílẹ̀: "Kí ni wọ́n wá ń kọ́ yín ní yunifásítì?" Mi ò lè fi ẹ̀rín bo èyí. Bírò ni a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà sórí ìwé nínú ìdánwò, bí ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ lórí ẹní. Iná kì í sí, ẹ̀rọ kì í tó wa. Ètò ayò mi yìí, orí ìwé ni wọ́n ti kà á, orí ìwé ni wọ́n ti fún mi ní A. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ tí eyín rẹ̀ kò tíì pé ló kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ mi wò dáadáa.

Fídíò náà ti dé orí WhatsApp ẹbí. Mo ti tún ètò yẹn ṣe. Ìlà kan péré ló gbà. Mo gbé fóònù fún Bàbá Àgbà, wọ́n bá a ta á, wọ́n nà án, wọ́n ní kí n lọ fi iná sí i lẹ́nu, ó jọ pé ebi ń pa á.

Èmi fúnra mi ṣì fẹ́ gbẹ̀san, ìsinmi sì ti ń tán lọ. Láti àná ni mo ti ń gbàdúrà kí wọ́n má tíì ṣí ilé ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ mi. Ní orílẹ̀-èdè yìí, irú àdúrà bẹ́ẹ̀ tètè máa ń gbà.