Alàgbà Afẹnugbábọ́ọ̀lù, Ará Peckham

Bí ẹ bá ń gba Rye Lane kọjá ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, tí ẹ sì gbọ́ ohùn àgbàlagbà tí ń ké tantan nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, tí ó ń ṣépè fún rẹfirí tí kò fojú kàn rí, tí kò sì jọ pé yóò fojú kàn láéláé, ẹ má wulẹ̀ yà síbẹ̀ láti làjà. Kò sí ìjà níbẹ̀. Alàgbà Afẹnugbábọ́ọ̀lù ni ó ń wo Ṣúùtìn, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn: Ajagun-lórí-àga, ọ̀gágun tí kì í tẹ koríko, Arọ̀jò-èébú-lé-rẹfirí, ẹni tí ó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù tí ó ń làágùn ju ẹni tí ń sáré ní Ìbàdàn lọ.

Òkèèrè ni olójú-jíjìn ti í mẹ́kún sun. Alàgbà mọ̀ pé nígbà òtútù, aago Ìbàdàn a máa fi wákàtí kan ṣíwájú ti Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà bọ́ọ̀lù tí àwọn ará ilé yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago mẹ́ta ni yóò bá òun; síbẹ̀ láti aago kan ni ó ti dé, tí ó ti wé súkáàfù aláwọ̀ búlúù àti funfun mọ́ ọrùn, tí ó ti gbé fóònù rẹ̀ ti agolo ìpara irun, tí ó sì ti pe ọmọ àbúrò rẹ̀ nílé.

“Ẹ káàsán, Bàbá Lọ́ńdọ̀nù.”

“Ṣé o ti wọ pápá?”

“Mo ti wọlé, sà. Oòrùn ọ̀hún mú díẹ̀.”

“Fi oòrùn sílẹ̀. Sọ fún kóòṣì kí ó má fi ọmọ yẹn sí apá òsì mọ́.”

Ọmọ àbúrò yìí kò mọ kóòṣì, kóòṣì kò sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n “Màá sọ fún wọn, sà” ni ó fi dáhùn, nítorí pé ọmọ tí a kọ́ tí ó gbẹ̀kọ́ ni, àti nítorí owó Kérésì tí kò tíì dé.

Tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà, Arsenal ni ó sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Alàgbà yóò búra pé kò sí ohun tí ó kan òun kan Arsenal, pé Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé ni òun bá wá. Ṣùgbọ́n bí àwòrán inú fóònù bá ti dákú, tí òbìrí kékeré kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí po láàárín rẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe gan-an nígbà tí bọ́ọ̀lù bá dé iwájú ilé, ojú Alàgbà a yọ́ gun ògiri, a sì pẹ́ níbẹ̀. Ibi tí ó ti ń wo kọ́nà Arsenal lọ́jọ́ kan ni Ṣúùtìn ti jẹ gólì, onígbàjámọ̀ ni ó sì gbọ́ ariwo rẹ̀ nínú fóònù. Alàgbà fò sókè, ó jó yí àga ká, ó sì ṣàlàyé fún gbogbo ilé bí ọmọ náà ti fi ẹsẹ̀ òsì gbé bọ́ọ̀lù lọ sí igun àwọ̀n, bí òun ti fojú ara òun rí i. Nígbà tí ó yá ni a gbọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn alátakò ni ó fi orí kan án wọ ilé ara wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún 1976. Ọdún náà ni IICC, bí Ṣúùtìn ti ń jẹ́ nígbà náà, borí Tonnerre ti Yaoundé, ẹgbẹ́ Roger Milla, tí wọ́n sì di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí ó gbé ife ilẹ̀ Áfíríkà wọ Nàìjíríà. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í já síbẹ̀ lẹ́nu Alàgbà. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ owó gáàsì tí ó gun òkè, kí ẹ tó mí kanlẹ̀, Muda Lawal ti gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá, ó ti tì í sí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ní apá ọ̀tún, Ọdẹ́gbàmí ti ń sáré bọ̀, owó gáàsì sì ti di ohun ìgbàgbé. Òtítọ́ kúkú ni: àgbà tí ó rí ojú wọn rí nǹkan, ọmọdé kì í sì í ní àkísà tó àgbà. Kìkì pé bí ẹnìkan bá dárúkọ ẹgbẹ́ Zamalek ti Íjíbítì, tí ó já ife ńlá gbà mọ́ Ṣúùtìn lọ́wọ́ ní 1984, tí ó sì tún un ṣe ní 1996, ìgbà náà gan-an ni ìtọ̀ máa ń gbọ̀n ọ́n. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ti ife CAF tí wọ́n gbà ní 1992: ìdajì gbólóhùn ni Alàgbà máa ń fún un, ìdí rẹ̀ kò sì ju pé ó ti fi ilé sílẹ̀ nígbà náà. Ìgbà èwe ara rẹ̀ ni ó ń wò láti ọjọ́ yìí wá. Bọ́ọ̀lù kàn ń gba inú rẹ̀ kọjá ni.

“Bàbá,” ni onígbàjámọ̀ bi í lọ́jọ́ kan, “ta ló ń ṣọ́lé Ṣúùtìn báyìí?”

Alàgbà húkọ́, ó tún súkáàfù ṣe. “Best Ògèdègbé ni, ìwọ ọmọ yìí. Ta ni ìbá tún jẹ́?”

Best Ògèdègbé ti dolóògbé láti 2009.

Èmi kò ní jẹ́ sọ pé gbogbo ẹ̀sùn rẹ̀ ni irọ́. Ó ní wọ́n ń jẹ agbábọ́ọ̀lù lówó oṣù. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ Nàìjíríà ni ó ti jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹnu dùn-ún ròfọ́: nígbà tí àwọn ọmọ Ìbàdàn tí ń bẹ ládùúgbò ní kí a dáwó ra bàtà ránṣẹ́ sí àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, ọ̀rọ̀ ìyànjú ni Alàgbà fi sílẹ̀, ó gùn, ó sì dùn.

Nígbà Kérésì, Alàgbà a máa wálé. Bódìjà ni ilé tí ó kọ́ wà. Ọkọ̀ kan lè gbé e dé Mọ́kọ́lá, ìrìn díẹ̀ ni ó kù sí Adamásìngbà, pápá tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Lékan Salami pè. Bí líìgì bá ń lọ lọ́wọ́, tí Ṣúùtìn ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, Alàgbà yóò wà nínú pálọ̀, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí i lára, Arsenal yóò wà lójú tẹlifíṣọ̀n, fóònù yóò sì wà létí rẹ̀ tí yóò máa bi ọmọ àbúrò rẹ̀ pé, “Wọ́n ti jẹ mélòó?” Oòrùn pọ̀ jù, ni ó wí, ìjókòó pápá sì le.

Ẹ̀yin ará Bódìjà, bí ẹ bá rí i lóṣù Kejìlá yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á lọ́wọ́ lọ. Ẹ sọ fún un pé owó ẹnu ọ̀nà kò tó nǹkan, àti pé kóòṣì fúnra rẹ̀ yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, bí ó bá fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ bá a sọ ọ̀rọ̀ apá òsì náà.