Kámẹ́rà Lójú, Kò Fi Ríran

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nígbà tí wọ́n pa òwe yìí, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n ní lọ́kàn: ẹni tó dé láàárọ̀, tó lọ jókòó sórí àga baálé, tó ń pe ìyálé ní ọmọ ọ̀dọ̀. Wọn ò mọ̀ pé àlejò kan ń bọ̀ tí ojú rẹ̀ yóò tó ìdérí ìkòkò, tí yóò máa rọ̀ lọ́rùn ayafọ́tò, tí owó rẹ̀ yóò sì ju ti ọkọ̀ àlòkù lọ.

Abbeydale ni mò ń gbé, lápá àríwá ìlà-oòrùn Calgary ní Kánádà. Nínú oṣù kìíní ọdún, òtútù ibí a máa já sí ìwọ̀n 30 nísàlẹ̀ òdo. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ la sọ ọmọ kan lórúkọ ní àdúgbò wa. Bí a ti ṣe tán, ìyá ọmọ ní kí gbogbo ẹbí jáde kí wọ́n ya fọ́tò lórí yìnyín, kí àwọn ará ilé ní Òṣogbo lè rí i pé a ti dé ibi tí à ń lọ. Gèlè dúró, aṣọ òkè ń dán, ẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Ayafọ́tò tẹ bọ́tìnì. Nígbà tí a wo àwòrán, yìnyín dà bí eérú, ojú wa sì dà bí ìdí ìkòkò. Eyín bàbá ọmọ nìkan la fi dá a mọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i?” ni ayafọ́tò wí fún mi. “Àwọn kámẹ́rà wọ̀nyí ò da nǹkan kan. Ó yẹ kí wọ́n ṣe èyí tó mọ àwọ̀ wa.”

Kò kúkú parọ́ tán. Ohun tó ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà gbà pé bí a bá po gbogbo ohun tó wà níwájú òun pọ̀, àwọ̀ eérú ni yóò jẹ́. Bó bá kan funfun rẹpẹtẹ, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín in kù, kò ní bi ẹni tó dúró sórí yìnyín léèrè bóyá ó gbà. Ti fíìmù ayé àtijọ́ tiẹ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti àárín àwọn ọdún 1950 ni Kodak ti ń fi káàdì tó ní àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun, tí wọ́n ń pè ní Shirley, ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò, pé òun ni kí wọ́n fi wo àwọ̀ tó tọ́. Ẹni tí kò bá jọ Shirley, ọwọ́ Ọlọ́run ló kù sí. Ọdún 2021 ni Google tó gbé ohun tí wọ́n pè ní Real Tone jáde sórí fóònù Pixel 6, kí aláwọ̀ dúdú lè rí ara rẹ̀ bó ṣe rí. Ó pẹ́ kí àlejò tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí wa.

Ṣùgbọ́n bọ́tìnì kan wà lára kámẹ́rà tó wà lọ́rùn ọ̀rẹ́ wa, àmì àròpọ̀ àti àmì àyọkúrò ló wà lórí rẹ̀. Ká ní ó ti gbé e lọ sápá àròpọ̀ díẹ̀ ni, yìnyín ì bá funfun, ojú wa ì bá sì padà sọ́wọ́ wa. Mo nawọ́ sí i. Ó ní, “Kí nìyẹn ń ṣe?” Ọdún kẹta rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà yẹn nìyí. Mo wá ń rò ó pé ta gan-an ni àlejò.

Kò dákẹ́ o. Ó ń fẹ́ bátìrì tí kì í kú nínú òtútù. Òótọ́ ni pé òtútù ń sọ bátìrì di ọ̀lẹ, àmọ́ àwọn tó ti pẹ́ níbí mọ̀ pé inú aṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà, là ń fi èkejì sí. Ó ń fẹ́ lẹ́ǹsì tí ìrì kì í bò bó bá tinú yìnyín wọ ilé ìdáná tí ọbẹ̀ ti ń hó. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù lásán, tí a bá di kámẹ́rà sínú rẹ̀ kí a tó wọlé, tó ìyẹn ṣe.

Ibi tí mo ti bá a kẹ́dùn ni ti fídíò. Kámẹ́rà rẹ̀ kì í gbà á kọjá ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59. Owó bodè ilẹ̀ Yúróòpù ló fà á: kámẹ́rà fọ́tò tó bá lè gba fídíò tó ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kámẹ́rà fídíò ni wọ́n máa ń kà á sí nígbà náà, owó bodè rẹ̀ a sì máa ga sí i. Àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà bá yọ ìṣẹ́jú-àáyá kan kúrò. Àwọn tuntun ti ń bọ́ nínú ìdè yìí, tiwa kì í ṣe tuntun. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ náà, bàbá àgbà ọmọ bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ó júbà, ó ki ìdílé, ó gbàdúrà fún ìjọba Kánádà, ó bẹ Ọlọ́run nítorí owó epo. Nígbà tó fi máa kan ọmọ tí a tìtorí rẹ̀ pé jọ, kámẹ́rà ti sùn. Kò sí “Àmín” nínú fídíò yẹn títí dòní.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ohun tó fi kádìí rẹ̀: ó ń fẹ́ kámẹ́rà tí yóò máa dá ìyá ìyàwó mọ̀ láàárín èrò. Nínú àwọn ọdún 1970, àwọn ayafọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún ò ní irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á tẹ fíìmù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, Táyé á sì jókòó ti Kẹ́hìndé. Bó bá jẹ́ akọ àti abo, wọ́n á wọ ẹ̀wù ọkùnrin fún èyí tó kù, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ ẹ̀wù obìnrin fún un, wọ́n á tún yà á. Olùwádìí kan, Stephen Sprague, kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1978. Ẹni tó tẹ fọ́tò yẹn ti mọ ìyá ìbejì kó tó gbé kámẹ́rà.

Ìsọmọlórúkọ mìíràn ń bọ̀ ní Abbeydale kí yìnyín tó yọ́. Ayafọ́tò tí wọ́n bá bẹ̀ níṣẹ́, jọ̀ọ́, fi bátìrì kejì sábẹ́ agbádá, gbé bọ́tìnì sápá àròpọ̀ bí o bá dé ìta, kí o sì fọgbọ́n bi Bàbá léèrè iye ìṣẹ́jú tí àdúrà yóò gbà.