Ìjà Ò Dọlà, FC Ló Sọ Wọ́n

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé n'Íbàdàn ti lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn olólùfẹ́ Wizkid. Ẹ̀ṣẹ̀ wo lọ̀rẹ́ dá? Ó ní orin Davido kan dùn. Ọmọ Ìlọrin lọ̀rẹ́ ọ̀hún. Wọn ò fojú kan ara wọn rí. Abẹ́ fọ́tò Wizkid kan ni wọ́n ti pàdé lórí fóònù, nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Kílẹ̀ ọjọ́ tó yin orin Davido náà tó ṣú, ó ti di ọ̀dàlẹ̀, wọ́n ní àwọn 30BG, ìyẹn àwọn olólùfẹ́ Davido, ló rán an wá ṣe amí.

Ìjà ò dọlà, orúkọ ní ń sọni: oníjà kì í rówó nídìí ìjà, orúkọ burúkú ló ń kó délé. Àwọn àgbà ò bá Wizkid FC láyé ni. Orúkọ làwọn tiwa kọ́kọ́ gbà ná, FC, 30BG, Outsiders ti Burna Boy, kí wọ́n tó wá ìjà lọ. Ọlà pàápàá ń bẹ níbẹ̀, rẹpẹtẹ. Àpò ẹni tí kò bá wọn dé ojú ìjà ló ń wọ̀. Bó ṣe ń wọ̀ ọ́ rèé: Spotify, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin lórí fóònù, ò ní í ka orin kan sí gbígbọ́ àfi tó bá kọ tó ìṣẹ́jú àáyá 30. Ìdí nìyí tí ọmọ tó ń ṣọ́ gààrí lò fi ń ra dátà, tó ń jẹ́ kí orin kan ṣoṣo máa yí po látalẹ́ dàárọ̀. Orin ń kọ, olólùfẹ́ ń hanrun. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ bàbá rẹ̀ ni yóò gba fóònù là, bàbá á ra epo sí i. Bàbá tó jẹ́ pé Ebenezer Obey nìkan ló ń gbọ́ ti di ọmọ ẹgbẹ́ FC láìmọ̀.

Àwọn tí wọ́n tìtorí wọn jà ńkọ́? Ní December 2017, Wizkid gun orí ìtàgé Davido l'Ékòó, wọ́n jọ ṣeré. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n dì mọ́ra wọn nílé ijó. Ní April 2024, wọ́n tún fa ọ̀rọ̀ ya lórí X. Olówó ń jà, olówó ń parí ìjà. Kò sẹ́ni tó pe ẹ̀ka Ìbàdàn sí ìpàdé ìlàjà kankan.

Èmi ò sí lára àwọn tó ń fi ọ̀rẹ́ orí fóònù ṣe yẹ̀yẹ́ o. Nínú ìwé ìtàn *Fangirl* tí Rainbow Rowell kọ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2013, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń ka ìtàn tí Cath, ọmọ yunifásítì kan, ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ò jẹ́ kó wọ ilé oúnjẹ yunifásítì. Bọ́tà ẹ̀pà ló ń dá lá ní yàrá. Irú Cath pọ̀ láàárín wa, tójú ń tì níwájú èèyàn, tí ẹnu wọn sì ń là lórí fóònù. Nígbà tí JAMB já ọmọ wa kulẹ̀, ọmọ Ìlọrin yìí ló bá a ṣàìsùn. Nígbà tí ìyá ọmọ Ìlọrin wà ní ọsibítù, owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ni ọmọ wa fi ránṣẹ́, kò sọ fún ẹnì kankan nínú wa. Ẹ wo irú ọ̀rẹ́ tí wọ́n sọ nù nítorí ọkùnrin tí kò mọ̀ bóyá wọ́n wà láyé! Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gba fóònù ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Pe ọmọ yẹn, kó o bẹ̀ ẹ́."

Ó ní, "Màá pè é, Àǹtí mi. Àmọ́ kó kọ́kọ́ gbà pé gbọ̀ngàn O2 tí Wizkid kún ní Lọ́ńdọ̀nù lálẹ́ mẹ́ta lọ́dún 2021 ju ti Davido ọdún 2019 lọ."