Ìtàn Dùn, Ọ́ọ̀lì Gbẹ

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn Toyota, èmi ni kó wá bá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń wo ọ́ọ̀lì Toyota, kó wá ẹlòmíràn lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kàwé nípa iléeṣẹ́ yìí. Mo mọ ọdún tí wọ́n bí ẹni tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, mo mọ iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe, mo mọ iye tí wọ́n ta ẹ̀tọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ fáwọn òyìnbó. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí ni pé ìmọ̀ kò ṣeé rọ sínú ẹ́ńjìnnì.

Camry ni ọkọ̀ mi, irú èyí táráyé ń pè ní Big Daddy. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, ọjọ́ tí mo sì rà á ni mo ti gbà pé mo bọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì títí ayé. Ṣebí gbogbo èèyàn ló ń sọ pé Toyota kì í bàjẹ́? Awakọ̀ takisí ń sọ ọ́. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Araromi, ní Gáàtì n'Íbàdàn, náà ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ bí kì í bá bàjẹ́ lóòótọ́, ebi ni ì bá ti lu àwọn yẹn pa. Mi ò ro ìyẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ yọjú ni àbàwọ́n dúdú lórí sìmẹ́ńtì níbi tí mo ń páàkì sí. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tòlú, ọkọ̀ yín ń jò o." Mo ní kì í ṣe pé ó ń jò, ó ń làágùn ni. Mo bu yanrìn bo ojú ibẹ̀. Nígbà tó yá, iná pupa kan tó ní àwòrán kẹ́túlù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù nígbàkigbà tí mo bá tẹ bréèkì. Rewáyà kan ti sọ fún mi rí nípa iná mìíràn, èyí tó pọ́n bí òròǹbó, pé sẹ́ńsọ̀ lásán ni. Mo mú ẹjọ́ iná kan, mo fi dá gbogbo ẹbí rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n pupa yìí ń gún mi lójú lálẹ́. Mo wá sítíkà ìrántí ìgbéyàwó kan tí àwòrán tọkọtaya wà lára rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ lé iná náà lórí. Láti ọjọ́ yẹn, tọkọtaya yìí ló ń rẹ́rìn-ín sí mi níbi tí ọkọ̀ ti ń pariwo.

Ọjọ́ ìdána àbúrò ìyàwó mi ni gbogbo rẹ̀ tú. Ìsẹ́yìn ni ìdána ọ̀hún, bàbá ìyàwó mi sì wà lọ́dọ̀ wa n'Íbàdàn nítorí ojú tí wọ́n ń tọ́jú fún un. Bàbá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Èmi ni mo ní rárá o, kí wọ́n sùn, pé ta ló ń wọ bọ́ọ̀sì nígbà tí ọkọ ọmọ rẹ̀ ní Toyota? Ní òwúrọ̀, wọ́n jókòó síwájú pẹ̀lú agbádá tí wọ́n ká sórí itan. Ìyàwó mi wà lẹ́yìn láàárín kúlà àti àpótí gèlè.

Ọmọ Ìsẹ́yìn pọ́ńbélé ni Bàbá, òfì ni wọ́n fi ṣe ọ̀dọ́. Ìyẹn ló yọ mí lẹ́nu. A ò tíì kúrò ní Mọ́níyà dáadáa tí mo ti ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé òfì ni Toyota fi bẹ̀rẹ̀?"

Wọn ò mọ̀. Mo fi sùúrù gbé e kalẹ̀. Mo ní ọdún 1867 ni wọ́n bí Sakichi Toyoda ní Japan, ọmọ káfíńtà ni, ìyá rẹ̀ a sì máa hun aṣọ. Ó ń wo ìyà tí iṣẹ́ yẹn fi ń jẹ obìnrin, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi pákó ṣe òfì tó rọrùn jù ú lọ. Nígbà tó di 1891, ìjọba ti fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Kò dúró níbẹ̀. Ní 1924, òfì tí wọ́n ń pè ní Type G jáde, ẹ̀rọ ló ń dá hun aṣọ.

Bàbá yí ojú sí mi. "Tí òwú bá wá já ńkọ́?"

Ìbéèrè tí mo ti ń retí nìyẹn. Mo ní, "Tí òwú bá já, òfì náà á dúró fúnra rẹ̀."

"Fúnra rẹ̀?"

"Fúnra rẹ̀, sà. Kò ní hun aṣọ burúkú lọ. Ìyẹn ni ẹnì kan ṣoṣo fi lè máa mójú tó òfì tó tó 30 lẹ́ẹ̀kan náà."

Bàbá mi orí. "Ẹni yẹn mọ iṣẹ́. Òwú tó já tí o ò rí, tó o wá hun kọjá rẹ̀, o ò ní gbádùn títú aṣọ yẹn. Òwú ò ní sọ pé kó o má hun lọ. Ìwọ lo gbọ́dọ̀ dúró."

Èmi tí wọ́n ń bá wí kò mọ̀ pé èmi ni. Mo tẹ̀síwájú. Mo sọ bí iléeṣẹ́ Platt Brothers ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ra ẹ̀tọ́ òfì náà ní 1929 ní £100,000. Bí ọmọ Sakichi, Kiichiro, tó kàwé ẹ̀rọ ní yunifásítì Tokyo, ṣe ya ẹ̀ka mọ́tò sọ́tọ̀ nínú iléeṣẹ́ òfì ní 1933. Bí ẹ̀ka náà ṣe di iléeṣẹ́ tó dá dúró ní 1937. Mo wá dé ibi tí mo fẹ́ràn jù. Mo ní ìlànà òfì yẹn ni wọ́n gbé wọ iléeṣẹ́ mọ́tò. Okùn kan wà lókè orí àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá rí àléébù, bó ti wù kó kéré tó nípò, á fà á. Iná á tàn lórí pátákó, olórí wọn á sáré dé, bí wọn ò bá sì yanjú rẹ̀ kíákíá, gbogbo ìlà iṣẹ́ á dúró. Mo ní nílé iṣẹ́ ẹlòmíràn, ẹni tó bá dá iṣẹ́ dúró ti rí ìjà. Ní Toyota, ẹni tó rí àléébù tó dákẹ́ ni ọ̀ràn bá. Mo yọ ọwọ́ kan kúrò lórí sítíárìn, mo na án sókè láti fi fífa okùn hàn wọ́n.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ méjèèjì mú un."

A kọjá Ìjàyè. Nǹkan kan ń ṣe kọ́-kọ́-kọ́ níwájú. Ìyàwó mi bi mí pé kí ni mò ń gbọ́ yẹn. Mo ní títì ni. Títì náà sì ń dán níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí. Bàbá na ọrùn sí dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú ojú tí wọ́n ń tọ́jú náà. "Bàbá Tòlú, kí ló pọ́n yí àwọn tọkọtaya yìí ká?"

"Ẹ̀ṣọ́ ni, sà."

Kọ́-kọ́ náà le sí i, èmi náà sì gbé ohùn sókè kí ìtàn má baà sọ nù. Ìgbà yẹn mo ti dé 1957. Mo ń sọ bí Toyota ṣe kọ́kọ́ kó Crown lọ sí Amẹ́ríkà, ọkọ̀ tó ń ṣe dáadáa lójú ọ̀nà Japan, ṣùgbọ́n tó dé títì márosẹ̀ òyìnbó tí kò lè sáré tó, tó ń gbóná, tó ń gbọ̀n, títí wọ́n fi dá kíkó rẹ̀ lọ dúró ní 1960. Mo ní, "Ẹ sáà wò ó, Bàbá, ọkọ̀ kàn dákú sójú títì..." Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tèmi ti dún gbàù. Sítíárìn le gan-an. Èéfín yọ. A yí gbirigbiri lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ sì parọ́rọ́ débi pé mo gbọ́ tí omi ń mì nínú kúlà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó máa lọ: ọkọ̀ náà ò jẹ mí ní gbèsè kankan. Ó jò kí n rí i, ó tanná kí n rí i, ó kanlẹ̀kùn kí n gbọ́. Yanrìn, sítíkà àti ẹnu mi ni mo fi dá a lóhùn.

Ọlọ́kadà kan bá wa gbé ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan wá. Ó ṣí bọ́ńnẹ́ẹ̀tì, ó fa géèjì ọ́ọ̀lì yọ, ó fi àkísà nù ún, ó tì í padà, ó tún fà á yọ. Ó gbé irin náà sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ó mọ́ roro.

"Ọ̀gá, ọ́ọ̀lì dà?"

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Taiichi Ohno, ọ̀kan lára àwọn tó ṣètò bí Toyota ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1978 pé bí nǹkan bá bàjẹ́, kéèyàn béèrè "kí ló dé?" lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ tó fi kọ́ni. Ẹ̀rọ kan dákẹ́. Kí ló dé? Iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn, fíúsì jó. Kí ló dé? Béárìn ò rí ọ́ọ̀lì tó. Kí ló dé? Pọ́ǹpù ọ́ọ̀lì ò fà dáadáa. Kí ló dé? Irin àárín pọ́ǹpù ti jẹ. Kí ló dé? Kò sí asẹ́ lẹ́nu rẹ̀, èérún irin ló ń wọlé. Mo ti ka ibẹ̀ ní àkàtúnkà, mo ti fi ṣe ọ̀rọ̀ láàárín ọ̀rẹ́. Bàbá ò ka ìwé Ohno rí. Wọ́n kàn bọ́ sílẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá tẹlẹ̀, wọ́n kọjú sí ọmọ náà.

"Kí ló dé tí kò lọ mọ́?"

"Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, Bàbá."

"Kí ló dé tó fi nọ́ọ̀kì?"

"Kò sí ọ́ọ̀lì nínú ẹ̀."

"Kí ló dé tí kò fi sí?"

Ọmọ náà dojú bolẹ̀, ó yọjú sábẹ́ ọkọ̀. "Ó ń jò. Ó ti pẹ́ tó ti ń jò." Ìyàwó mi wúkọ́ díẹ̀.

"Kí ló dé tí wọn ò fi mọ̀?"

Ọmọ náà wọnú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀. Ó tẹjú mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó fi èékánná bó ọkọ ìyàwó kúrò, ó bó ìyàwó náà tẹ̀ lé e, kẹ́túlù pupa wá hàn gbangba. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn wò mí, irú wíwò tí wọ́n fi ń wo ẹni tí wọ́n ò ní gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá náà yíjú sí mi. "Bàbá Tòlú, kí ló dé?"

Mo ní ó ń gún mi lójú ni.

Ẹ̀ẹ̀karùn-ún nìyẹn, Ohno ò parọ́. Èmi ni asẹ́ tí kò sí lẹ́nu pọ́ǹpù.

Mo fẹ́ gba ara mi là. Mo sọ fún wọn pé G1, ọkọ̀ akẹ́rù tí Toyota kọ́kọ́ tà ní 1935, dídákú ló ń dákú kiri ojú ọ̀nà, àwọn òṣìṣẹ́ a sì máa tọ̀ ọ́ lọ láti tún un ṣe. Ìyàwó mi ní, "Ẹ wá mọ́tò." Mo wá mọ́tò.

HiAce àgbà kan ló gbé wa, Toyota ni òun náà, iṣu wà lókè, iṣu wà lábẹ́ àga. Kò sí iná kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Awakọ̀ náà dúró lọ́nà kí ẹnì kan lè bọ́ sílẹ̀; kó tó gbéra, òun náà bọ́ sílẹ̀, ó fa géèjì yọ, ó fi ṣòkòtò nù ún, ó wò ó, ó dá a padà. Bàbá ń wò ó láti ojú fèrèsé, agbádá ṣì wà lórí itan. Wọ́n rọra bi í pé ṣé ó mọ ìtàn Toyota. Ó ní rárá, Bàbá, èmi kàn ń wà á ni.

Mo ṣì ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu. Mo fẹ́ sọ pé àwọn tó ni Toyota náà ti fi ojú winá rí: ní February 2010, Akio Toyoda, ọmọ-ọmọ Kiichiro, jókòó níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, ó tọrọ àforíjì lórí àléébù tó mú kí wọ́n ké sí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọkọ̀ padà, ó sì jẹ́wọ́ pé bóyá eré tí iléeṣẹ́ náà ń sá ti pọ̀ jù. Mo wo ojú Bàbá. Mo gbé e mì.

Ní Ìsẹ́yìn, alága ìjókòó ti gba máíìkì, ó ti ń fi bàbá ìyàwó tí kò sí nílé dá àwọn èèyàn lára yá. Bí a ṣe wọlé ló ní ẹni tó bá pẹ́ á san owó ìtanràn. Bàbá nawọ́ sí mi láàárín gbogbo àna àtijọ́ àti àna tuntun. "Òpìtàn yẹn ni kẹ́ ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀." Mo san án. Alága ní owó náà kò dún. Mo tún san òmíràn.

Nígbà tí wọ́n ti wọ́ Camry padà sí Ìbàdàn, mo mú ìyàwó mi dání lọ sí Araromi láti ra ẹ́ńjìnnì Bẹ́ljíọ̀mù. Owó rẹ̀ ì bá ra ọ́ọ̀lì fún mi títí Tòlú á fi lọ́mọ. Ẹni tó ń tà á lu ẹ́ńjìnnì náà ní ìbàdí, ó gbọ́n ọwọ́, ó fa ohùn sísàlẹ̀: "Ọ̀gá, mi ò mọ̀ bóyá ẹ mọ nǹkan nípa Toyota..."

Ìyàwó mi ló dá a lóhùn. "Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ fa géèjì yọ."