Éèsì Àgbà Ọkọ̀

Bí ọkọ̀ bá ti dàgbà, éèsì rẹ̀ a máa hùwà bí ìjòyè. Lórí eré, atẹ́gùn tútù rẹpẹtẹ. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òjótà, ó di ooru. Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu oníṣẹ́ éèsì: "Ọ̀gá, gáàsì ló tán." Ta ló mu ún? Gáàsì éèsì kì í ṣe epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó. Bó bá dín, ó ń jò níbì kan ni. Ẹ ní kó kọ́kọ́ wá ojú ibẹ̀, kó tó rọ òmíràn sí i. Ẹ fọ eruku àti òkú kòkòrò kúrò lára kọ́ńdẹ́nsà iwájú rédíétọ̀. Ẹ wo fáànù rẹ̀ bóyá ó ń yí. Ẹ máa tan éèsì náà déédéé, kódà nígbà ọyẹ́, kí ọ́ìlì inú rẹ̀ má ṣe jẹ́ kí rọ́bà ojú oríkèé páìpù gbẹ. Ẹni tí gbogbo èyí bá sú, kó ra abẹ̀bẹ̀: ìyẹn kì í béèrè gáàsì.