Bíṣọ́ọ̀bù Inú Gáréèjì

Bí oṣù kọkànlá bá ti ń sún mọ́lé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òtútù òru kan ṣoṣo bá ti sọ ewé òdòdó dàlíà di dúdú, iṣẹ́ dé nìyẹn. Onílé á mú fọ́ọ̀kì ọgbà, á wa iṣu dàlíà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á gé ọ̀pá rẹ̀ kù bíi sẹ̀ǹtímítà 15, á dorí rẹ̀ kodò kí omi inú rẹ̀ kán dànù. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ́ ẹ sínú páálí oníyanrìn gbígbẹ, yóò sì gbé e lọ sí gáréèjì. Mọ́tò ń bẹ níta nínú òjò. Iṣu ló ń sùn nínú ilé.

Gbajúmọ̀ nínú wọn ni “Bishop of Llandaff”, dàlíà pupa fòò tí ewé rẹ̀ dúdú, tí wọ́n mú jáde ní Cardiff ní 1924, tí wọ́n sì fi oyè bíṣọ́ọ̀bù àdúgbò náà sọ ọ́. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, tó gbọ́ tí aládùúgbò ń sọ pé òun ti ri Bíṣọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀, tàbí pé ìgbín ti jẹ Bíṣọ́ọ̀bù tán lóru, á ti ké “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” kí wọ́n tó ráyè ṣàlàyé fún un.

Ohun tí kì í yé àwọn ará ilé ni pé èèyàn lè tọ́jú iṣu tó báyìí láìjẹ ẹ́. Kì í ṣe pé wọn ò gbìyànjú. Nígbà tí dàlíà ti Mẹ́síkò dé Yúróòpù ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, àwọn kan tọ́ iṣu rẹ̀ wò bóyá ó lè dà bíi pòtétò. Kò bá wọn lẹ́nu mu, ni wọ́n bá kúkú gbájú mọ́ òdòdó rẹ̀.

Àgbẹ̀ Ọ̀yọ́ tó bá débẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gbójú lé ọgbọ́n èbù. Ibi yòówù kí a gé lára iṣu tiwa, bí èèpo bá ti wà níbẹ̀, ó lè ta èhù. Dàlíà kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ ò sí lára iṣu rárá. Ọrùn ló wà, níbi tí iṣu ti so mọ́ ọ̀pá àtijọ́. Èyí tí wọ́n bá gé láìmú díẹ̀ nínú ọrùn yẹn, jíjẹrà ló máa jẹrà, bó ti wù kó sanra tó.

Láti oṣù kẹta ni wọ́n ti ń tò wọ́n sínú ìkòkò lójú fèrèsé. Ìyàwó fẹ́ ṣí kọ́tìnnì, iṣu ò jẹ́. Ó di ìparí oṣù karùn-ún, nígbà tí ìrì dídì bá ti kásẹ̀ ńlẹ̀, kí wọ́n tó gbé wọn síta. Ní oṣù kẹfà, ojúmọ́ London ń lé ní wákàtí 16. Ti Ìbàdàn kì í tó 13. Ohun tí òtútù fi dù wọ́n, ìmọ́lẹ̀ ń dá a padà. Lára àwọn tó ń jàǹfààní rẹ̀ ni Eucomis bicolor ti Gúúsù Áfíríkà: ìrísí rẹ̀ ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, òórùn rẹ̀ ti ẹran tó ti bàjẹ́, torí eṣinṣin ló fẹ́ fi pè.

Ti ìgbín wá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Nílé, ẹni tó rí ìgbín lẹ́yìnkùlé lẹ́yìn òjò ti rí ẹran ọbẹ̀. Lọ́hùn-ún, ìgbín kéékèèké, pẹ̀lú àwọn àbúrò wọn tí kò ní ìkarahun, lè jẹ èhù dàlíà tán láàárín òru kan. Oògùn àwọn àgbà ọgbà ni pé kí a ri ife mọ́lẹ̀, kí etí rẹ̀ yọ díẹ̀, kí a bu bíà sí i. Òórùn ìwúkàrà inú bíà á fà wọ́n, wọ́n á yọ́ wá, wọ́n á sì kú sínú rẹ̀. Baálé ilé tó ti ń ṣọ́ owó bíà ná láti ọjọ́ Ajé ló wá ń gbé e fún ìgbín ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀!

Ìdò ńkọ́? Nílé, ẹ̀bá gọ́tà ló ń hù sí, kò sẹ́ni tó ń bomi rin ín. Ní Great Dixter, ní East Sussex, ọlọ́lá ni. Ní 1993, Christopher Lloyd, tó ni ọgbà náà, ti pé ẹni ọdún 72 nígbà tí òun àti Fergus Garrett, olórí òṣìṣẹ́ ọgbà rẹ̀, hú róòsì tó ti wà níbẹ̀ láti ayé àwọn òbí rẹ̀, tí wọ́n fi ìdò, dàlíà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọ́pò wọn. Orí àwọn olólùfẹ́ róòsì gbóná. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ò sì so èyí tó ṣeé jẹ. Bí òtútù bá dé, wọ́n á wé e lára bámúbámú. Kí ẹnì kan dán irú rẹ̀ wò ní Oǹdó, kó wò ó bóyá àwọn ẹbí ò ní pèpàdé.

Síbẹ̀, kò sí èyí tó ń dá awuyewuye sílẹ̀ bíi kókò. Nàìjíríà ló ń gbin kókò jù lágbàáyé, ojú yẹpẹrẹ sì ni ọ̀pọ̀ wa fi ń wò ó. Kókò yìí náà ni wọ́n ń tà ní ibi ìtajà òdòdó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n kọ Colocasia sí lára. “Black Magic”, tí ewé rẹ̀ dúdú, wà lára àwọn tó gbayì jù. Ìyá tó wọkọ̀ òfurufú láti Ìjẹ̀bú wá wẹ àwọn ìbejì tuntun á yọjú sẹ́yìnkùlé, á bá a nínú ìkòkò aláràbarà.

“Ìwọ ọmọ yìí, ta ló gbin kókò síbí?”

“Òdòdó ni, màámi. Bàbá Ìbejì ló rà á.”

“Ó fowó rà á? Ìgbà wo la máa wà á?”

“A kì í jẹ ẹ́, màámi. Wíwò la máa ń wò ó.”

Màámi á dákẹ́ díẹ̀, á wá béèrè bóyá owó ti pọ̀ jù lọ́wọ́ àna òun ni.

Kí ará ilé má sì tíì rẹ́rìn-ín tán. Ẹni tí ìdò yí ilé rẹ̀ ká ló ń lọ sọ́jà lọ ra òdòdó oníke, tó ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tó ń nu eruku rẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Nínú àwọn méjèèjì, onígáréèjì ló gbọ́n jù.

Ẹni tó bá wà ní London tó fẹ́ dán an wò kò nílò owó ńlá. Kókò orí igbá ní Rye Lane, ní Peckham, lè hù dáadáa bí orí rẹ̀ bá ṣì pé. Kó rì í sínú ìkòkò lójú fèrèsé ní oṣù kẹrin, kó máa bomi rin ín, kó má gbé e síta títí oṣù kẹfà. Bí màámi bá sì fárí gá pé sísè la ó sè é, kó jinná dénú. Tútù rẹ̀ ń yún ọ̀fun ní Peckham gẹ́gẹ́ bó ṣe ń yún un ní Ìjẹ̀bú.