Ìrẹsì Kì Í Ṣe Dókítà Fóònù

Bí fóònù bá já sómi ní Kàdúná, garawa ìrẹsì ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣí. Wọ́n á rì í mọ́lẹ̀, wọ́n á dé e pa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, Apple fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ká má fi iPhone sínú ìrẹsì, pé ẹ̀rún rẹ̀ lè kó wọnú fóònù kó sì bà á jẹ́. Ta ló gbọ́? Lọ́jọ́ kejì, fóònù ò tàn, ìrẹsì ti di túwó, gbogbo ilé ti jẹ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ tó ń ti aginjù Sàhárà fẹ́ wá, tó ń la ètè wa, wà níta lọ́fẹ̀ẹ́! Ẹ pa fóònù, ẹ nù ún, ẹ dojú ihò ṣájà kọlẹ̀, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Ẹ má kánjú kì í bọ iná.

Àmọ́ ọyẹ́ kan náà ló ń kó eruku sínú kọ̀ǹpútà, tí fáànù rẹ̀ fi ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni ẹ fi gbọn eruku náà kúrò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa kọ̀ǹpútà náà. Ẹni tó ń fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ ló ń bù lé eruku.